Etí Ọ̀tún Alága

Etí ọ̀tún ni. Ìyá Alábẹ́rẹ́ di ojú, ó tún là á, síbẹ̀ etí ọ̀tún náà ni. Ajá ńlá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ń wò ó bí ẹni pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i. Etí ọ̀tún rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, etí òsì sì dúdú bí kóró iṣin.

"Ẹ má bẹ̀rù, Màmá," ni onígbàjámọ̀ wí láti inú ìsọ̀, láìgbé ojú kúrò lórí ẹni tó ń gẹrun fún. "Alága kì í bu ènìyàn jẹ. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé ni."

"Ẹ̀rù kò bà mí. Mo kàn ń wò ó ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ gẹrun ni?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí irun orí rẹ̀ gùn dé èjìká, fi ọwọ́ kan irun náà. "Rárá o," ló wí. "Mo ṣìnà ni." Ó sì yí padà kíá, ó ń lọ. Kò tilẹ̀ rántí pé ẹni tó bá ṣìnà máa ń béèrè ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló ti fi jókòó ti ajá yìí, tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya àwòrán rẹ̀ sára aṣọ funfun kan. Ó mọ irun imú rẹ̀, ó mọ irun ọrùn rẹ̀, ó mọ àpá kékeré tó wà lókè imú náà. Ṣùgbọ́n lára aṣọ tó wà nílé, etí òsì ló funfun.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fọ aṣọ oníbàárà tán, tí wọ́n rí ibi tó ya tàbí ibi tí iná sìgá jó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, nídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ogójì ọdún ló ti fi ń ṣe é. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni iṣẹ́ tí ojú kì í rí: bí ó bá dí ihò kan tán, aláṣọ yóò máa wá ibi tí ihò náà wà títí yóò fi sú u. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ a máa sọ pé, "Màmá, ohun tí mo fẹ́ràn nípa yín ni pé, bí ẹ bá ṣe nǹkan tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan." Ìyìn ni, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni ìyìn náà rí létí rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi fídíò kan hàn án lórí fóònù: àwọn kan tó ń fi òwú ya ẹranko, tí ènìyàn yóò rò pé ẹranko náà ń mí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ya ewé, ó ya labalábá, ó wá ya ẹyẹ ológoṣẹ́ kan sára àpò tó ń kó awò ojú rẹ̀ sí. Ẹyẹ yìí ni ìyàwó onígbàjámọ̀, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé, rí lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ rẹ̀. Ó na ìka kó fi ṣa ìyẹ́ kan kúrò lára àpò náà. Ìyẹ́ kò ṣe é ṣa.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Ọwọ́ ló dilẹ̀," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí, ó sì fẹ́ fi àpò náà pamọ́.

Olùkọ́ di àpò náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ajá wa. Ìsọ̀ ọkọ mi máa tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ajá yẹn ti lo mẹ́tàlá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn ún báyìí, Màmá, ó máa ń ronú kó tó dìde. Mo fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń hanrun nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn náà."

"Ṣé mo lè wá wò ó?"

"Háà, ẹ má wá o. Ọkọ mi á fura. N ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín."

Fọ́tò dé lálẹ́ ọjọ́ náà: olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, ajá náà sì gbé orí lé e léjìká. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Irú iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ ìkánjú. Fọ́nrán mẹ́fà ló wà nínú òwú kan. Ó ní láti tú u, kó lo ẹyọ kan péré, tín-ín-rín bí irun. Yóò rán ọ̀kan gùn, yóò rán èkejì kúrú, yóò ki ìkẹta bọ àárín wọn, kí àwọ̀ kan lè yọ́ wọnú èkejì láìsí ààlà. Ọ̀nà tí irun ajá bá gbà sùn ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Ti imú kúrú bí irùngbọ̀n tí wọ́n fá lánàá, ti ọrùn gùn, ó sì dojú kọ ilẹ̀. Àwọ̀ mọ́kàndínlógún ló lò. Lára etí funfun nìkan, funfun mẹ́rin ló wà níbẹ̀ àti àwọ̀ eérú kan.

Ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná mànàmáná, kò fi ẹnu sílẹ̀ rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ó ní, "Ewúrẹ́ tó ń ronú nìyí." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní, "Ó ti ń di ajá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ṣì ni ìyá rẹ̀." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn gbé àga rẹ̀ kúrò níwájú àwòrán náà nígbà tó fẹ́ jẹun, ó ní òun kò lè máa jẹ ẹran kí imú tútù kan máa gbóòórùn rẹ̀ kí òun má fún un.

Ojú nìkan ló wá kù. Nínú fọ́tò, ojú ajá náà dà bí ihò dúdú méjì, kò sí ohun tí ènìyàn lè rí dì mú nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní kó má wá, ó gbà, ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ ya ojú tí kò rí? Ìdí nìyẹn tó fi yà lọ sí ìsọ̀ náà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún ìsọ̀ náà ku ọjọ́ méjì, kó lè wo ojú Alága nínú oòrùn. Ojú ló wá wò. Etí ló bá níbẹ̀.

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó gbé àwòrán náà sórí tábìlì, ó gbé fóònù tì í. Ọkọ rẹ̀ fi fáànù tó ń tún ṣe sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Etí ọ̀tún ló funfun," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. "Mo fi ojú ara mi rí i."

"Fọ́tò kò wí bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ ohun tí fọ́tò wí."

Ọkọ rẹ̀ wo fóònù, ó wo àwòrán. "Bóyá ajá méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan fún òwúrọ̀, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín lónìí."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí ọmọ wọn obìnrin fi ti ibi iṣẹ́ dé. Fóònù ni òun ń tún ṣe, kò sì sí bí fóònù ṣe lè ṣàìsàn tí kò mọ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú.

"Màámi, ẹ wo àyà aṣọ olùkọ́ yìí. Ẹ bá mi ka orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi awò sójú. Ó rí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò ṣe é kà. Gbogbo wọn ló kọjú sódì.

"Òun àti ajá ló jọ ya ara wọn," ni ọmọ náà wí. "Kámẹ́rà iwájú fóònù ló lò. Fóònù mìíràn máa ń gbé e bí dígí ṣe ń gbé e. Ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀."

"Ajá òdì," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà fi eyín tẹ ètè, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ bínú, òun náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ omi ẹ̀rín mọ́ nínú rẹ̀.

"Gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí ilé rọ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń ka etí ajá? Bí mo bá bi ọ́ pé èwo nínú etí mi ló tóbi ju èkejì lọ, o ò lè mọ̀."

"Etí òsì yín ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wò ó."

Bàbá fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ òsì, ó sì fi kan ọ̀tún.

"Ṣé a ò lè tú etí méjèèjì, kí a pààrọ̀ wọn?" ni ọmọ wọn béèrè.

"Àpá imú ńkọ́? Orí tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ńkọ́? Bí mo bá pààrọ̀ etí nìkan, ajá kẹta tí ẹnikẹ́ni kò ni ni mo dá yẹn. Aṣọ náà á sì ya. Abẹ́rẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀. "N ó ya ojú rẹ̀," ló wí. "Mo ti rí i báyìí."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó ti fèrèsé. Ojú Alága kì í ṣe dúdú. Àwọ̀ igi tó ti pẹ́ nílé ni, òrùka tín-ín-rín kan tó dà bí oyin ló yí i ká. Ojú òsì sì ti ń ṣú bí ẹni pé èéfín díẹ̀ wọ inú rẹ̀, bí ojú àgbà ṣe ń ṣe. Ìyá Alábẹ́rẹ́ mú abẹ́rẹ́ dání fún ìgbà pípẹ́ kó tó pinnu: bí etí ti yí, kí ojú náà yí. Bí yóò bá jẹ́ àṣìṣe, kó jẹ́ odindi. Ó fi èéfín náà sí ojú kejì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó fi òwú funfun kan tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ajá náà sì wò ó.

Ó ti dí ihò fún ogójì ọdún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ojú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bínú sí inú tó ń dùn náà, nítorí ó mọ ohun tó ń dúró de òun lọ́la.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ rẹ̀ bá a gbé àwòrán náà, tó ti wà nínú férémù, wọ́n fi aṣọ ibùsùn funfun bò ó. Olùkọ́ ti ń dúró dè wọ́n lẹ́bàá ìsọ̀.

"Olùkọ́," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́..."

"Tó bá di ẹ̀yìn, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wọlé, ọkọ mi ti ń béèrè ìdí tí mo fi ń wo títì." Ó sì fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ìsọ̀ náà kò tóbi. Dígí gígùn kan gba ògiri kan tán, onígbàjámọ̀ sì dúró níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń gẹrun fún awakọ̀ tírélà kan tó tóbi bí ọkọ̀ rẹ̀. Ìdajì orí awakọ̀ náà ti mọ́, ìdajì kejì ṣì dà bí igbó. Lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn ni àga aláwọ kan wà, àga tó dára jù nínú ìsọ̀ náà, Alága sì sùn gbalaja sórí rẹ̀. Oníbàárà ni ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Orúkọ ajá náà kò ṣẹ̀yìn èyí.

"Bàbá, ẹ wo ẹ̀yìn yín," ni olùkọ́ wí, ó sì ká aṣọ ibùsùn kúrò.

Onígbàjámọ̀ kò yíjú. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú dígí kì í yíjú. Dígí ló fi ń wo ẹ̀yìn. Ó gbé ojú sókè.

"Ta ló gbé Alága dìde?" ló béèrè. "Ẹ rọra gbé e sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún."

Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Nígbà náà ni ìhanrun kan dún láti orí àga aláwọ, onígbàjámọ̀ sì rí ajá tó sùn, ó rí ajá tó wà lọ́wọ́ Ìyá Alábẹ́rẹ́, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó fi etí aṣọ tó wà lọ́rùn awakọ̀ nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ìyá Alábẹ́rẹ́, ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́ òtútù. Ó yé e dáadáa: dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Kò sì sí ohun tó rọrùn tó kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo bí ọkùnrin náà ṣe ń nu ojú, ó rántí pé ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan tó báyìí yóò yíjú lọ́jọ́ kan, yóò sì ka etí.

"Ẹ yíjú, kí ẹ wò ó lójúkojú," ló wí. "Òdì ni mo ya á. Fọ́tò ló tàn mí. Ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. N ó tún un ṣe, bó gba oṣù mẹ́ta, n ó tún un ṣe."

Onígbàjámọ̀ yíjú. Ó wo àwòrán, ó wo àga, ó tún wo àwòrán.

"Etí," ló wí.

"Etí ni. Àti ojú. Àti àpá imú."

Olùkọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Fóònù mi ni. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí dígí, ó yíjú sí àwòrán, ó tún yíjú sí dígí, títí awakọ̀ fi ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ìdajì orí mi ṣì wà níbí."

"Orí rẹ kò ní sá lọ," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó fa ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú rẹ̀ sí dígí. "Wo ti inú dígí. Etí wo ló funfun?"

Olùkọ́ wò ó. "Ọ̀tún."

"Èéfín ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Òsì ló wà."

"Alága nìyẹn. Fóònù yí i lódì, dígí bá wa yí i padà." Ó yí i padà kọjú sí àwòrán náà. "Wá wo èyí báyìí. Láti ọdún mẹ́tàlá, inú dígí ni mo ti ń wo ajá yìí láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìgbà wo ni mo ráyè yíjú? Orí àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi. Ajá tí ẹ̀yin mọ̀ wà nínú dígí. Èyí tó wà lára aṣọ yìí, ajá tèmi ni." Ó wo Ìyá Alábẹ́rẹ́. "Màmá, a ní kí ẹ ya ọ̀kan, ẹ ya méjì. Ẹ ò ní tún nǹkan kan ṣe."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló jáde. Ọkọ rẹ̀ tún wúkọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ èyí kò ní ìtumọ̀ kankan, omi ló gbá a lọ́fun.

Onígbàjámọ̀ ti súnmọ́ àwòrán náà. "Ojú yìí," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò ì pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i. Ta ló sọ fún yín?"

"Mo wá wò ó l'Ọ́jọ́bọ̀."

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ ṣìnà."

"Èmi ni."

"Ẹ ò ṣìnà rárá."

Ọkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ ló kan ìṣó náà, lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ kan ògiri láìmọye ìgbà kó lè mọ ibi tí wáyà iná gbà. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí òkè àga aláwọ, kó dojú kọ dígí. Olùkọ́ jí Alága pé kó wá wo ara rẹ̀. Alága ronú, ó dìde, ó nà, ó gbé imú sí etí férémù, ó gbóòórùn rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dùbúlẹ̀ sórí àga rẹ̀, ó sùn.

"Ó ní etí òun kọ́ nìyẹn," ni ọkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí, ẹ̀rín sì gba inú ìsọ̀ náà kan.

Awakọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwòrán náà kọ́ ni kò ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nínú dígí, pẹ̀lú ìdajì orí rẹ̀ tó dà bí igbó.

"Màmá," ló wí nígbà tó yá, bí ẹni tí ojú ń tì. "Mo ní ológbò kan. Obìnrin ni. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, orí àyà mi ló máa ń sùn." Ó yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, fóònù wà nínú rẹ̀. "Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ níbí. Èwo lẹ fẹ́?"

Ìyá Alábẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí fóònù náà, ó tún fà á padà.

"Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀," ló wí. "Níbo nilé yín?"

"Ẹ̀yìn ilé epo, ilé kẹta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Màmá, kò fẹ́ràn àlejò. Ó máa ń fi èékánná ya wọ́n."

"Kò burú." Ó ń ká aṣọ ibùsùn náà pọ̀, igun sí igun. "Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé. Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."